Ẹ Bi Ìyá Onítíátà: Ọmọ Mi Ń Kun Ojú Bí Òkú, Ó Ń Kọrin Rọ́ọ̀kì

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ dáadáa ni, láti kékeré ló ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tó wálé, mo rí fọ́tò kan lórí fóònù rẹ̀. Ó fi nǹkan funfun kun gbogbo ojú, ó fi dúdú yí ẹyinjú ká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó gbé gìtá kọ́rùn. Ó ní àwọn dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ni, pé orin rọ́ọ̀kì tó ń dẹ́rù bani làwọn ń kọ, àwọn sì fẹ́ ṣeré ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oorun ti dá lójú mi. Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn lọmọ mi wọ̀? Bàbá rẹ̀ kò tíì gbọ́. (Ìyá ọlọ́mọ, Mákun, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdààmú. Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọ́tò yẹn wò. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ṣé pupa rẹ̀ ń dán, tó fà wálẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo láti igun ẹnu dé àgbọ̀n, tí kò gbẹ? Ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi á ti dì, á ṣókùnkùn, bó bá sì gbẹ lára á máa sán. Èyí tó bá ń dán títí wọ́n fi ya fọ́tò tán, ṣúgà àti àwọ̀ àwọn oníkéèkì ni. Ẹ wo etí irun rẹ̀ náà. Bí funfun yẹn kò bá dé ìdí irun, tí ọrùn sì wà ní àwọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìkunjú lẹ ń wò yẹn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, Ìyá. Nídìí eré oníṣe alárìnkiri ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Èmi ni mo ń kun ojú àwọn àjẹ́, àwọn òkú àti àwọn iwin wa kí wọ́n tó bọ́ sójú agbo, n kò sì tíì rí ẹni tí àtíkè sọ di òkú.

Ohun tí ọmọ yín ń ṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1956, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Screamin' Jay Hawkins, gbé orin kan jáde tó ti ń ké, tó ń kérora, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan gùn. Alan Freed tó máa ń ṣètò òde orin wá ní kó máa jáde látinú pósí wá sójú àwọn èèyàn. Hawkins kọ̀, pósí ń bà á lẹ́rù bó ṣe máa ba èmi àti ẹ̀yin lẹ́rù, àfìgbà tí Freed gbé 300 dọ́là kalẹ̀. Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń fi pósí gbé wọ ìtàgé nìyẹn, tòun ti agbárí kan tó ń mu sìgá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ni Alice Cooper. Vincent Furnier lorúkọ tí wọ́n bí i sí. Detroit ni wọ́n ti bí i ní 1948, oníwàásù sì ni bàbá rẹ̀. Ó máa ń fi ejò ńlá kọ́rùn kọrin, wọ́n á gbé e sórí àga oníná, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí níwájú gbogbo èèyàn. Ní 1973, onídán tó ń jẹ́ James Randi ló bá a ṣètò ẹ̀rọ ìbẹ́rí náà, Randi yìí kan náà ló sì ń ṣe ẹni tó ń bẹ́ orí. Ohun tó wù mí jù nínú eré rẹ̀ ni bó ṣe ń parí. Ìkà tó ń ṣe lórí ìtàgé kì í lọ láìjìyà. Wọ́n á pa á, lẹ́yìn náà ni yóò tún jáde nínú aṣọ funfun báláú, táwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́. Kristẹni ni Cooper lónìí, kò sì fi bò.

Ìyá, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn, pé wọ́n á pa ìkà, ìkà á sì jìyà? Ta ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀ hàn wá níbí? Ọmọ Òsósà tiwa ni, Hubert Ogunde. Ọmọ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi lòun náà. Ìjọ Olúwa ní Èbúté-Mẹ́tta ló kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ fún ní 1944, ọlọ́pàá sì ni nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 1979 tó gbé fíìmù Àìyé jáde, àjẹ́ àti òṣó ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní Ogunde ń wọ ẹgbẹ́ àjẹ́. Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé ó ń gbógun tì wọ́n lójú agbo ni. Ẹ̀rù tí wọ́n bá fi iná àti orin gbé síwájú wa, tá a jọ pariwo sí, tá a jọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń rọ̀ wá lọ́kàn. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, torí mo ti rí ojú àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

Àmọ́ n kò ní fi ìdajì òótọ́ pamọ́ fún yín. Ní Norway, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó ń kun ojú ní funfun àti dúdú báyìí tí wọ́n sì ṣe ibi ní tòótọ́. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtayébáyé ti Fantoft, lẹ́bàá Bergen, ní oṣù Kẹfà 1992. Olórin kan nínú wọn pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 21 ní 1994. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá rìn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ síra wọn létí ló gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe àtíkè. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ máa wò lára ọmọ yín.

Ẹ ní kó mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Olórin máa ń fẹ́ kéèyàn wá wo òun, òun ló ń lẹ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn kì í jẹ́ kí ìyá ẹnikẹ́ni débi tí wọ́n wà. Ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ dání fún wọn, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ orin wọn dópin. Ẹ bi í bóyá ẹnikẹ́ni ní kó búra, kó sín gbẹ́rẹ́ sára, tàbí bóyá wọ́n lu ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bó bá fọwọ́ sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, eré ti parí nìyẹn, kẹ́ ẹ tètè gbé e kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá àwọn àgbà tó mọ ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ múra sí jù. Ṣágámù lẹ ń gbé, ẹ mọ ohun tí ìjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fojú wa rí níbẹ̀. Ẹ̀wù tó ní agbárí níwájú, fìlà dúdú tàbí pupa, tí kò ju ohun ẹ̀ṣọ́ lọ lójú ọmọ yín, ẹlòmíì lè kà á sí nǹkan mìíràn ní títì lálẹ́. Kó máa gbé aṣọ eré sínú báàgì, kó wọ̀ ọ́ débi eré, kó bọ́ ọ síbẹ̀, kó sì wẹ ojú rẹ̀ mọ́ kó tó wọ mọ́tò. Ọlọ́pàá tó bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde ní aago mọ́kànlá òru kò ní dúró gbọ́ àlàyé orin rọ́ọ̀kì.

Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ lónìí. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ni wá ní Ìjẹ̀bú-Òde. A fẹ́ ṣe eré ẹlẹ́rù àkọ́kọ́ wa ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Owó kò tó nǹkan lọ́wọ́ wa. Báwo la ṣe lè ṣe ẹ̀jẹ̀, ojú òkú àti èéfín? Ọ̀kan nínú wa ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kẹrosíìnì fẹ́ iná lẹ́nu. Onígìtá wa ní òun á já orí adìyẹ láàyè, pé bí Ozzy ṣe ṣe nìyẹn. (Ọmọ yín, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba adìyẹ yẹn lọ́wọ́ onígìtá yín.

Ozzy Osbourne, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní oṣù Keje 2025, kò pète rẹ̀. Ní Des Moines, ní oṣù Kìíní 1982, ẹnìkan ju àdán sórí ìtàgé. Ozzy rò pé ti rọ́bà ni, ó ki í bọ ẹnu, ó sì já orí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ lóru yẹn, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ nítorí àrùn ajá dìgbòlugi. Alice Cooper náà, ní Toronto ní 1969, ju adìyẹ kan sáàárín èrò, ó rò pé yóò fò lọ. Ńṣe làwọn èrò fà á ya. Àṣìṣe ni méjèèjì, ẹ má fi àṣìṣe ẹlòmíì ṣe ètò eré. Ẹranko kò mọ̀ pé eré là ń ṣe, ó ń jìyà ni. Bí òǹwòran bá sì ti rí ìrora gidi, ojú rẹ̀ á kúrò lára orin yín, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ rọrùn. Ẹ da ife ṣúgà méjì sínú ife omi kan, ẹ gbé e kaná kó hó. Ẹ po ṣíbí ògì kan sómi tútù, kẹ́ ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ máa rò ó kó má baà di kókó, títí tó fi máa ki tó sì máa ń fà. Bó bá tutù, ẹ fi àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun táwọn ọmọ kékeré kì í mọ̀: ẹ bu lẹ́búlẹ́bú kòkó díẹ̀ sí i. Láìsí kòkó, ẹ̀jẹ̀ yín á dà bí ohun mímu inú ìgò. Kòkó ló ń fún un ní dúdú abẹ́nú yẹn tí òǹwòran á fi fà sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jẹ, torí náà ẹ lè fi sẹ́nu láìsí ìbẹ̀rù. Èyí tẹ́ ẹ máa dà sára aṣọ, ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kó lè fọ̀, àmọ́ kí tọṣẹ má dé ẹnu. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú iná pé tí iná búlúù bá ti bọ́ sí ẹ̀jẹ̀, dúdú ni yóò máa hàn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Iná funfun ni kó tàn ní àkókò yẹn.

Ojú òkú: ẹ fi òrí tàbí fáṣílíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ para, ẹ po àtíkè funfun mọ́ òrí díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pẹ̀lú fóòmù, ẹ má fà á. Ẹ wá bu àtíkè gbígbẹ lé e, kó lè mu òógùn. Ẹ kùn ún wọ inú irun, ẹ kùn ún dé ọrùn àti ẹ̀yìn etí. Ibi tẹ́ ẹ bá gbàgbé lojú òǹwòran máa ń lọ. Éédú lílọ̀ kúnná tí wọ́n fi òrí pò ni kẹ́ ẹ fi ṣe dúdú. Ẹ má lo tìróò, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ má lo ọ̀dà tàbí pọ́líìṣì bàtà láé. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò ní apá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, òróró ni kẹ́ ẹ fi nù ún kúrò kí ọṣẹ tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ ojú ẹ̀dá abàmì, ẹ gẹ́ fóòmù, kẹ́ ẹ lẹ aṣọ àti bébà mọ́ ọn. Olórí ẹgbẹ́ olórin Lordi ti ilẹ̀ Finland ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbòjú ẹgbẹ́ wọn, ìbòjú yẹn náà ni wọ́n wọ̀ gba ipò kìíní ní ìdíje orin Eurovision ní Athens ní 2006, níwájú gbogbo Yúróòpù.

Èéfín: ẹ háyà ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn DJ. Omi àti gílísárìn tàbí irú rẹ̀ ló ń gbóná nínú rẹ̀. Ẹ má sun táyà, ẹ má sun ìdọ̀tí gẹdú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé yìnyín gbígbẹ wá, èyí tó ń mú kí ìkùukùu máa rìn nílẹ̀, ẹ rántí pé ó tutù dé ìwọ̀n 78 lábẹ́ òdo, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Afẹ́fẹ́ burúkú ló sì ń yọ́ dà, torí náà fèrèsé kò gbọdọ̀ wà ní títì.

Iná ńkọ́? Rárá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejì 2003, ní West Warwick, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olórin kan tan iná tó ń ta ẹ̀ta lórí ìtàgé. Fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún ìró ohùn gbiná. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sáré padà sí, wọ́n há síbẹ̀. Èèyàn 100 ló kú. Ní Santa Maria, ní Brazil, ní oṣù Kìíní 2013, irú ẹ̀ kan náà tún ṣẹlẹ̀, ó pa 242, ọ̀dọ́ bíi tiyín ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá gbójú sókè nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Kí ló wà lájà? Aṣọ léésì funfun, òdòdó oníke, ìtàkùn oníke, wáyà iná tó rọ̀ sáàárín wọn. Ẹ̀ta iná kan ti tó. Ẹni tó ń fi kẹrosíìnì fẹ́ iná, bí ẹ̀kán díẹ̀ bá ṣì í lọ́nà wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó lè pa á ni. Gene Simmons ti ẹgbẹ́ olórin Kiss gan-an, tó máa ń fẹ́ iná lẹ́nu lórí ìtàgé, irun rẹ̀ ló gbiná ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn 1973.

Èyí tí à ń ṣe nídìí eré ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ gé aṣọ ṣíléékì pupa àti ti òféèfèé sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ so ó mọ́ etí agbọ̀n, kẹ́ ẹ gbé fáànù kékeré àti gílóòbù pupa sí abẹ́ rẹ̀. Bí ilé bá ṣókùnkùn tí fáànù bá ń fẹ́, ahọ́n iná ni yóò máa là níwájú wọn. Mo ti rí àgbàlagbà tó dìde kúrò lórí àga nítorí rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ara wọn, kẹ́ ẹ sì fi ibẹ̀ han èrò. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ẹ̀rù àwọn òyìnbó ti sú mi. Mo fẹ́ ká gbé Agẹmọ wọ orí ìtàgé rọ́ọ̀kì wa, pẹ̀lú ìró Orò láti ẹ̀yìn. Kí lẹ rí sí i? (Onílù, Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má ṣe é. Inú mi dùn pé ilé lo fẹ́ wá ẹ̀rù rẹ sí, òun náà ni ìfẹ́ ọkàn mi. Àmọ́ Agẹmọ kì í ṣe aṣọ eré. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún tó ń rìn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nínú oṣù Keje, àwọn tó ni wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì ń ṣe é. Obìnrin ni mí, inú ilé ni mo ń wà bí wọ́n bá ń kọjá, n kò sì bínú sí i. Bó o bá gbé e síwájú àwọn ọmọbìnrin tó sanwó wọlé, o ti fi ohun ẹlòmíì ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn Orò.

Wo ohun táwọn Alárìnjó ṣe. Ìdí Egúngún ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti igbó àti èyí tó jẹ́ ti ojú agbo. Ìdán ni wọ́n ń pa: wọ́n á di erè, wọ́n á di ọ̀nì, wọ́n á tún di òyìnbó, gbogbo ìlú á sì máa wò. Ẹ̀rù ojú agbo pọ̀ nílẹ̀ yìí tí kò ní olóyè lórí. Egbére tó ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀, ta ló ti gbé e sórí gìtá?

Akúdàáyà sì ni mo máa mú, bó bá ṣe èmi ni ìwọ. Ọkùnrin kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sin ín. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, aráalé rẹ̀ dé ọjà kan lọ́nà jíjìn, ó bá a níbẹ̀ tó ń tajà, tó ti níyàwó, tó ti bímọ. Ó pe orúkọ rẹ̀. Kó tó sún mọ́ ọn, kò sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tuntun ń wá a di òní. Jẹ́ kí akọrin yín máa kọrin láàárín èrò, láìkun ojú, kó máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kó máa bi wọ́n léèrè ilé. Kí gbogbo ohùn èlò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnìkan wá ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn Ìjẹ̀bú gidi, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. Kí iná kú, kí ìlù bú gbàmù. Nígbà tí iná bá padà, aṣọ rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀ níbi tó dúró sí. O kò ní nílò ẹ̀jẹ̀ kankan.

Àwọn mìíràn ní Áfíríkà ti ń ṣe irú rẹ̀. Arka'n Asrafokor ní Lomé, nítòsí wa ní Tógò, ń fi ìlù Ewe bá gìtá líle rìn. Ní Botswana, àwọn ẹgbẹ́ bíi Skinflint àti Overthrust ti ní àwọn olólùfẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń wọ awọ àti fìlà adarandaran lọ sóde wọn. Fetí sí wọn, kó o wá padà sídìí ìlù rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Sípíkà ni mò ń háyà ní Ìpẹ̀rù. Àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì kan lo tèmi láìpẹ́ yìí, etí mi ń hó títí di ìsinsìnyí. Ṣé òwú ni kí n máa fi dí i? (Alásípíkà)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Òwú kò ní ṣe nǹkan kan, ìdíétí oní-fóòmù táwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò ni kẹ́ ẹ rà. Ìwọ̀n ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ni wọ́n ní etí òṣìṣẹ́ lè fara dà fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á já sí ìdajì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni, òde rọ́ọ̀kì sì ń kọjá ìyẹn. Ẹ má dúró níwájú sípíkà yín, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wà. Ẹ lọ fi etí yẹn han dókítà elétí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró kó lọ fúnra rẹ̀.